Mo Gbọ́ Ìró Ẹ́ńjìnnì Yẹn, Mo sì Ní N Kò Gbọ́ Nǹkan Kan

Bí alùpùpù bá ń kọjá ní Bouaké níbí, àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń wo ẹni tó gùn ún. Ẹ́ńjìnnì ni èmi máa ń gbọ́. Etí mi ló fún mi níṣẹ́, òun náà ni mo sì fi da ẹ̀gbọ́n mi. N kì í ṣe ẹni tó lè dìde sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí.

Orúkọ mi ni Sheriffdeen. Bouaké ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni àwọn òbí mi. Nígbà tí ogun dé tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú, bàbá àti ìyá mi padà sí Nàìjíríà. Èmi dúró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sàúdátù, àti ọkọ rẹ̀, Tàjúdínì, ní àdúgbò Belleville.

Mo ti dé kíláàsì tó kẹ́yìn ní lisé, ilé ẹ̀kọ́ girama wa. Ìdánwò bákì tí èèyàn fi ń wọ yunifásítì ló kù, wọn kò sì ṣe é mọ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọjá lọ sí Abidjan, lọ́dọ̀ ìjọba. N kò ní káàdì ìdánimọ̀ tí mo lè fi kọjá àwọn kọ́rídọ̀ tí àwọn ológun ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà.

Bí mo ṣe ń dúró, mo ń ṣiṣẹ́ ní gáráàjì Ìbráímọ̀. Ìbráímọ̀ mọ alùpùpù tú, ó sì mọ̀ ọ́n tò, ṣùgbọ́n ìbọn ńlá kan tó dún nítòsí rẹ̀ nígbà ogun ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, ètè rẹ ló máa ń wò. Nítorí náà, èmi ni mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì fún un. Màá fi ẹnu túnẹ́fíìsì gígùn, irin tí a fi ń tú sikúrúù, lé ara ẹ́ńjìnnì. Màá fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí mi. Màá sì máa sún un kiri títí màá fi mọ ibi tí ìró náà ti ń wá.

"Etí, kí lo gbọ́?" Ìbráímọ̀ á pariwo, bí ẹni pé èmi gan-an ni adití.

Ibi tí mo bá nawọ́ sí ló máa tú. Kì í bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Kò sí mọ́tò takisí púpọ̀ nílùú mọ́. Alùpùpù làwọn èèyàn ń gùn lọ sọ́jà, lọ sílé ìwòsàn. Ilé iṣẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá Tàjù ń bá ṣiṣẹ́ ti tì láti ìgbà ogun. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi wá pinnu pé àwọn á ra alùpùpù àlòkù kan tí yóò máa fi gbé èèyàn.

"Ọ̀dọ̀ Alhaji Yésúfù la máa lọ," Bọ̀ọ̀dá Tàjù sọ fún mi. "Ọmọ ìlú wa ni, kò ní lu wá ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n wàá tẹ̀ lé wa. Wàá gbọ́ ọ kí n tó gbà á."

"Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí. Inú mi dùn. Kò sí ẹni tó máa ń ní kí n tẹ̀ lé òun lọ síbi pàtàkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa bí àwa oníṣòwò tó wá láti ìlú kan náà ṣe ń ra ọjà ńlá. Bí a bá ti gbà lórí iye, a máa ń ní kí Alfa Àbdùlláhì ṣe àdúrà lé ọjà náà. Bí gbogbo ènìyàn bá ti ṣe àmín, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá tún padà wá ní ọjà náà ní àléébù, ojú ẹni tó ń tú àṣírí ìlú ni wọ́n á fi máa wò ó. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré nìyẹn.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni Alhaji ní ká wá, Alfa sì ti jókòó síbẹ̀. Alùpùpù aláwọ̀ pupa kan ló fà jáde fún wa, wọ́n ti nù ún títí ó fi ń dán. Bọ̀ọ̀dá Tàjù ta á lẹ́sẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ!" ni Alhaji wí. "Ọmọ ọwọ́ lè sùn lórí rẹ̀. Tàjù, gùn ún wò, ṣùgbọ́n má jìnnà o. Epo ti wọ́n nílùú yìí."

Bọ̀ọ̀dá Tàjù gùn ún dé igun ilé, ó padà. Mo fi túnẹ́fíìsì mi kan ẹ́ńjìnnì náà. Ó dákẹ́. Ó tiẹ̀ dákẹ́ jù. Mo rí i pé ọ́ìlì kan kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sì tàn ká. Ó dúró roboto lórí iyẹ̀pẹ̀ bí oyin.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà. Ìdúnàádúrà kì í tètè sú u.

"Alhaji, ṣé alùpùpù lẹ ń tà fún wa ni àbí ilé?"

"Sàúdátù, bí mo bá tún yọ kúrò níbẹ̀, ìyàwó mi á lé mi jáde nílé!"

"Ẹ wá sùn ní pálọ̀ wa, àyè wà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rántí pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń gbóná, èmi nìkan ni mo ṣì lóṣòó tì í. Ìgbà náà ni ìró náà jáde.

Kò, kò, kò.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń wá, ó wúwo, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá tó ń fi ìka kan ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tó jẹ́. Bíẹ́lì ti gbó. Bíẹ́lì ni irin tó ń gbé písítìn lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹnìkan ti da ọ́ìlì líle, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ akẹ́rù, sí i láti fi bo ariwo náà. Nígbà tí ọ́ìlì tutù, ó bò ó. Nígbà tó gbóná tó yọ́, àṣírí tú. Bí wọ́n bá ń gùn ún bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kan bíẹ́lì á há, táyà ẹ̀yìn á dúró gbagidi lójú ọ̀nà, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì fò.

Mo gbé ojú sókè. Alhaji Yésúfù ń wò mí.

Ó na ọwọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kú. Ó fi ọwọ́ kan náà mú mi léjìká, ó fà mí sẹ́yìn àwọn alùpùpù yòókù bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan hàn mí.

"Pẹtí," ó wí, ó fi èdè Faransé pè mí ní ọmọdé, ohùn rẹ̀ tutù, "ṣé ìwọ kọ́ ni wọ́n ní ó ń wá ọ̀nà lọ ṣe bákì?"

"Èmi ni, Alhaji."

"Mọ́tò mi ń lọ sí Abidjan lóṣù tó ń bọ̀. Àyè kan wà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ kọ́rídọ̀ kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi." Ó bojú wo ẹ̀yìn. "Ṣé o gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì yẹn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ní àkókò láti ronú. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Mo rí ara mi nínú yàrá ìdánwò, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́. Mo sì sọ fún ara mi pé bóyá yóò pẹ́ kó tó há, bóyá wọ́n á ti tà á kó tó ṣẹlẹ̀.

"N kò gbọ́ nǹkan kan, Alhaji."

Ó fi ọwọ́ pa mí lórí. A padà sáàárín wọn.

"Etí wa, kí lo wí?" ni Bọ̀ọ̀dá Tàjù bi mí.

"Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá."

"Alfa, ẹ jẹ́ ká ṣàdúrà," ni Alhaji wí kíákíá.

Alfa Àbdùlláhì gbé ọwọ́ sókè. Ó tọrọ ààbò fún ẹni tó máa gùn ún, ó tọrọ ìlọ àti àbọ̀ ire. A ṣe àmín.

Kò pẹ́ tí ìró náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀ pàápàá. Bọ̀ọ̀dá Tàjù kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn nínú rẹ̀," ó máa ń wí, "mi ò sì mọ ẹni tó fẹ́ jáde." Àwọn elérò náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ké sí i níwájú ọjà pé, "Ànàgó, alùpùpù rẹ ń wúkọ́, gbé e lọ gba abẹ́rẹ́!" Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

Bọ̀ọ̀dá Tàjù gbé e wá sí gáráàjì. Ìbráímọ̀ na túnẹ́fíìsì sí mi.

"Etí, kí lo gbọ́?"

Mo sún irin náà kiri gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo fi kan ìsàlẹ̀, kíkàn náà gbọn eyín mi. Mo gbé e kúrò níbẹ̀. Bí mo bá dárúkọ bíẹ́lì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣéènì ni," ni mo wí.

Ìbráímọ̀ wo ẹnu mi. "Ṣéènì?"

"Ṣéènì ni. Ó ti dẹ̀."

Wọ́n ra ṣéènì tuntun. Ìró náà kò lọ. Bọ̀ọ̀dá Tàjù tún gbé e wá. Mo ní irin pẹlẹbẹ tó bo ṣéènì ló ń mì. Ìbráímọ̀ fi okùn dì í. Nígbà tí a ṣe tán, Bọ̀ọ̀dá Tàjù di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi fi ẹran tó tóbi jù sínú àwo mi. "Jẹun, Ṣẹ́rì," ó wí, "ìwọ lò ń gbà wá." Mo gbìyànjú láti jẹ ẹ́. Nígbà tó yíjú, mo dá ẹran náà padà sínú ìkòkò.

Mo lọ bá Alhaji Yésúfù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gba gbogbo agbára mi kí n tó lè la ẹnu.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba alùpùpù yẹn padà. Ẹ kàn ní ẹnìkan ló ń wá irú rẹ̀, kí ẹ fún wọn ní òmíràn."

Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ohun tó ń ṣe. "A ti ṣàdúrà lé e. Ṣé o fẹ́ sọ fún Alfa pé àmín rẹ kì í ṣe òótọ́?"

"Rárá, Alhaji."

"Ọjọ́ Ajé la ń lọ sí Abidjan. Lọ di ẹrù rẹ. Tàbí kí o lọ sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá wù ọ́."

Mo lọ di ẹrù mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ wo iṣu tó fẹ́ rà ní ìlú Djébonoua. Bọ̀ọ̀dá Tàjù ní òun á gbé e lọ. Nígbà tó ta alùpùpù náà lẹ́sẹ̀, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fọ eyín. Ìró náà ti yí padà. Kò kan ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́ mọ́. Ó ti gbẹ, ó le, ó ń sáré: gbà-gbà-gbà.

Mo yọ pákò kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé?" Ó ti jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ń fi ìborùn wé orí. "Ṣé ó sàn láti gbé e rin ọ̀nà jíjìn?"

Bọ̀ọ̀dá Tàjù náà yíjú sí mi. Àwọn méjèèjì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ọjọ́ Ajé kò ju ọ̀túnla lọ.

"Ó sàn," ni mo wí. "Ẹ kàn máa rọra."

Wọ́n lọ. Mo ń gbọ́ ìró náà títí wọ́n fi wọ ojú ọ̀nà ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọkọ̀ tó ń kó iṣu ló gbé wọn padà wá lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, awọ apá rẹ̀ ti bó, iyẹ̀pẹ̀ wà ní gbogbo irun rẹ̀. Wọ́n gbé Bọ̀ọ̀dá Tàjù sọ̀ kalẹ̀ láàárín iṣu. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ kó kọjú sí.

"A ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan," ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí léraléra, "ó kàn dúró. Táyà ẹ̀yìn kàn dúró. Kò tẹ bíréèkì. Mo ní kò tẹ bíréèkì!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe ìpàdé sí ilé wa nítorí Bọ̀ọ̀dá Tàjù kò lè dìde. Wọ́n ti to ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó na ara lórí ẹní, ara rẹ̀ ń gbóná. Alfa Àbdùlláhì jókòó sórí àga. Alhaji Yésúfù dé, ó kí gbogbo ènìyàn, ó ṣe pẹ̀lẹ́. Ìbráímọ̀ ló kẹ́yìn, ó gbé àkísà kan dání.

Ó tú àkísà náà sílẹ̀. Bíẹ́lì ló wà nínú rẹ̀, ó ti dá sí méjì. Ó gbé agolo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ wo ọ́ìlì inú rẹ̀. Kì í ṣe ọ́ìlì alùpùpù nìyí. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ni."

"Bóyá Tàjù ló dà á sí i," ni Alhaji wí.

"Èmi?" Bọ̀ọ̀dá Tàjù fẹ́ dìde, ìrora dá a padà.

Alhaji na ìka sí mi. "Ẹ̀yin lẹ mú etí yín wá. Ó gbọ́ ọ níwájú gbogbo wa, ó ní ó dáa. Ẹ bi í. Pẹtí, ṣé o gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ìbráímọ̀ tẹjú mọ́ ètè mi. Mo mọ̀ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀, kí n sì wọ mọ́tò lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́. Ojú rẹ̀ wà lára mi, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan.

"Ṣẹ́rì, lọ́jọ́ tí Alfa ṣàdúrà, ìwọ lo ṣe àmín tó ròkè jù. Láti kékeré rẹ, n kò gbọ́ ohùn rẹ rí láàárín èèyàn. Mo rò pé inú rẹ ló dùn." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kí lò ń fi pamọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọ́ìlì tó kán sílẹ̀ dé orí "ó sàn" tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu mi ń gbọ̀n, Ìbráímọ̀ sì ní láti sún mọ́ mi kó tó lè rí ọ̀rọ̀ náà kà.

"Ṣéènì," ó wí, nígbà tí mo parí. "O ní ṣéènì ni." Ó yíjú kúrò lára mi.

"Ẹ wò ó!" Alhaji pariwo. "Òun ló bẹ̀ mí pé kí n fún òun láyè nínú mọ́tò! Torí ìwé ni ọmọ yín ṣe tà yín!"

Mo lè sọ pé òun ló fi lọ̀ mí. N kò sọ ọ́. Èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tó mi.

Alfa Àbdùlláhì gbé ọwọ́, gbogbo wọn dákẹ́. "Sheriffdeen, kí ló dé tí o kò wá bá mi?"

"Ẹ ti ṣàdúrà lé e, bàbá. Mo rò pé ó ti parí."

"Ta ló sọ fún ọ?" Alfa bi mí. Kò bínú. Ó dàbí ẹni tí àárẹ̀ mú. "Àdúrà tí mo ṣe, lórí ohun tí wọ́n fi hàn mí ni. Bí ẹnìkan bá fi àléébù pamọ́, ọjà kò tíì tà. Ká ní alẹ́ ọjọ́ yẹn lo wá, ká ní àárọ̀ àná pàápàá lo wá, ǹ bá ní kí Yésúfù gba nǹkan rẹ̀ padà. Ó máa bínú, á sì gbà á."

Ó kọjú sí Alhaji, ó ní kó dá gbogbo ohun tó gbà padà, kó sì gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn. Alhaji wo ilẹ̀, ó gbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Mo wà lórí eékún mi, mo ń ronú pé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn láti ọjọ́ kìíní.

Mọ́tò náà lọ sí Abidjan láìsí mi. Ẹni tó jókòó sí àyè mi, n kò mọ̀ ọ́n.

Ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Tàjù jinná, ṣùgbọ́n kò tọ́. Orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́, orí àga ló ti ń kírun báyìí. Kò gbé ọ̀rọ̀ náà dìde sí mi láti ọjọ́ ìpàdé. Ó máa ń kí mi, ó máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Ìbráímọ̀ ti mú ọmọ mìíràn sí gáráàjì, mo sì ń bá ẹnìkan ru ẹrù lọ́jà.

Àwọn kan nínú yín máa ní ọmọdé ni mí, pé àgbàlagbà ló tàn mí. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi. Ẹni tó bá wà nídìí ohun tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́, kó sọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti ṣe àmín.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lé mi. A ṣì jọ ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń gé ilá ní kíṣíìnì, aṣọ tó fọ̀ wà lórí okùn nínú ọgbà. Mo wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òjò ń bọ̀. Ṣé kí n ká aṣọ?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó kọjá lára mi, ó jáde sí ọgbà. Ó gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó padà wọlé.

"Ká a," ó wí.